Kọ̀ǹpútà Pẹ̀lú Nílò Ààtàn

Agboolé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá kì í wà láìní ààtàn lẹ́yìnkùlé, ti Ọlà ní agbègbè Èjìgbò kò sì yàtọ̀. Ibẹ̀ ni èèpo iṣu ń lọ, ibẹ̀ ni eérú àdògán ń lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń da ilẹ̀ tí wọ́n bá gbá láàárọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ààtàn ní iṣẹ́ kejì tí ènìyàn kì í sábà dárúkọ. Bí ìyàwó ilé bá ṣèèṣì da ọ̀bẹ nù mọ́ èèpo iṣu, tí kò fura títí di ìrọ̀lẹ́, ààtàn ni yóò kọ́kọ́ lọ tú. Ọ̀bẹ yóò wà níbẹ̀, eérú lè ti bò ó díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ náà ni. Èyí tí wọ́n bá dà sínú odò tó ń ṣàn ni kì í padà wálé.

Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà mọ ọgbọ́n yìí. Láti ọdún 1984 tí ilé iṣẹ́ Apple ti gbé Macintosh jáde ni àwòrán agbọ̀n ìdalẹ̀nù ti wà lójú rẹ̀, Microsoft náà sì fi irú rẹ̀ sínú Windows 95. Ẹni tó bá pa fáìlì rẹ́ lè ṣí agbọ̀n náà kí ó sì mú ohun rẹ̀ padà. Èyí ti mọ́ aráyé lára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà gbogbo.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú méjì ni kọ̀ǹpútà ní. Èkíní ni ojú aláwòrán tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Èkejì ni ojú àṣẹ, níbi tí kò ti sí àwòrán kankan, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ fún ẹ̀rọ, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Lójú kejì yìí, rm ni orúkọ àṣẹ tí wọ́n fi ń pa fáìlì rẹ́. Ó ti wà nínú Unix láti ọdún 1971, Linux sì jogún rẹ̀. Kò ní ààtàn, odò tó ń ṣàn ni. Bí ẹni tó ń pàṣẹ kò bá ní kí ó máa béèrè, kì í sábà béèrè bóyá ó dá a lójú. Bó bá sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, kì í fọhùn. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Àfi bí ẹni pé wọ́n ti rí rm kí wọ́n tó sọ ọ́.

Ẹlòmíràn lè ní kí ló kan Ọlà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn án gidigidi. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ní Èjìgbò, níbi tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ wà, akẹ́kọ̀ọ́ òde òní kò sì lè sá fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ́ tí kò lówó kọ̀ǹpútà lè fi Termux ṣí ojú àṣẹ lórí fóònù Android. Ẹni tó ń lo Windows lè fi Ubuntu sínú rẹ̀, rm tó wà nínú Ubuntu yẹn kò sì mọ ọ̀nà agbọ̀n ìdalẹ̀nù Windows rárá. Ọ̀fẹ́ sì ni Linux, ó tún máa ń sọ kọ̀ǹpútà tó ti gbó di ohun èlò padà, èyí tí ìsọ̀ ìtẹ̀wé tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò ní fojú di.

Ohun tó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà ìsọ̀ wọ̀nyí ni ó yẹ kó ba ènìyàn lẹ́rù. Àwọn ọmọ agbègbè Èjìgbò pọ̀ ní Côte d'Ivoire, pàápàá ní Abidjan, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì létí ní Èjìgbò. Ẹbí tó pín sí orílẹ̀-èdè méjì kò lè ṣe kí ó má fi ìwé ránṣẹ́: ìwé ilẹ̀ tí wọ́n yà sínú kọ̀ǹpútà, àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹbí, orúkọ àwọn tó dáwó àti iye tí kálukú dá, àwòrán òkú àgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Ìwé tí ikán kò rí jẹ fún ogójì ọdún, ìka ẹnìkan lè pa ẹ̀dà rẹ̀ tó kù rẹ́ kí ó tó ṣẹ́jú.

Àṣìṣe tó sì ń fa èyí kéré púpọ̀. Ká ní akọ̀wé kan fẹ́ kó gbogbo fáìlì tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ipade2019 dànù. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ ni rm ipade2019*, nítorí àmì ìràwọ̀ yẹn dúró fún ohunkóhun tó bá tẹ̀ lé orúkọ náà. Bí ìka rẹ̀ bá ṣèèṣì fi àlàfo kan sáàárín, tó di rm ipade2019 *, ìràwọ̀ ti dá dúró, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ti di gbogbo fáìlì tó wà nínú fódà náà. Àlàfo kan péré, tí ojú kò tilẹ̀ rí, ló gba àkọsílẹ̀ ọdún mélòó kan lọ.

Kì í ṣe òpè nìkan ló ń ṣe é. Ní ọdún 1998, ní ilé iṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà, ẹnìkan pa irú àṣẹ yìí síbi tí kò yẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó, wọ́n ń wo bí fíìmù Toy Story 2 tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ ti ń pòórá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sáré tọ ẹ̀dà ìfipamọ́ lọ, ẹ̀dà náà ò ṣeé gbára lé. Galyn Susman, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà, tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ló ní ẹ̀dà kan lórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀. Búláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi wé ẹ̀rọ náà nínú mọ́tò, bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ jòjòló, kí wọ́n tó gbé e dé ibi iṣẹ́. Fíìmù náà jáde lọ́dún 1999. Pixar ní Susman. Ta ni ìsọ̀ ìtẹ̀wé ní Ọlà ní?

Ohun tí ìsọ̀ náà lè ní ni ètò ọ̀fẹ́ kan tí Andrea Francia kọ, trash-cli lorúkọ rẹ̀. Lórí Ubuntu, sudo apt install trash-cli ti tó láti fi í sínú ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà lọ, dípò rm, trash-put ni akọ̀wé yóò máa tẹ̀ síwájú orúkọ fáìlì. Fáìlì náà kò ní kú. Yóò ṣí lọ sínú fódà kan tí wọ́n pè ní Trash, ètò náà yóò sì kọ ìwé pélébé kan tì í, tó sọ ibi tí fáìlì ti wá àti ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n gbé e jù síbẹ̀. Ààtàn ẹ̀yìnkùlé kò tó èyí. Ta ló ń kọ ọjọ́ tí ọ̀bẹ dé ààtàn? Àṣẹ trash-list yóò ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá tẹ trash-restore nínú fódà tí fáìlì ti sọnù, yóò to àwọn tó ti ibẹ̀ lọ pẹ̀lú nọ́ńbà, yóò sì béèrè èyí tí wọ́n fẹ́. Akọ̀wé yóò tẹ nọ́ńbà, fáìlì yóò sì padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́. Bí fáìlì mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà bá ti jókòó síbẹ̀, kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí wọn kò bá pàṣẹ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò yẹ lójú àṣẹ. Ọ̀rọ̀ ìgbéraga ni. Ọdẹ tó mọ ọ̀bẹ lò ju ẹnikẹ́ni lọ ló ń fi ọ̀bẹ sínú àkọ̀.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àyínìke kan wà tí àwọn mìíràn ń dá, tó léwu ju yẹ̀yẹ́ lọ. Wọn a sọ fún kọ̀ǹpútà pé nígbàkígbà tí wọ́n bá tẹ rm, kí ó ṣe trash-put. Ó dà bí ìrọ̀rùn. Francia fúnra rẹ̀ ní kí ènìyàn má ṣe é, òótọ́ ló sì sọ. Ẹni tí rm ti ń ṣe jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún kan yóò dé ìdí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan, yóò tẹ rm pẹ̀lú ìgboyà, ibẹ̀ ni yóò ti pàdé rm gidi. Ẹni tó fún ajá dìgbòlugi lórúkọ àgùntàn, ọmọ ẹlòmíràn ló fẹ́ kó bù jẹ. Ó sàn kí ọwọ́ kọ́ orúkọ tuntun.

Ààtàn kì í sì ṣe àká. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà, tàbí tí dísìkì rẹ̀ kú, ààtàn inú rẹ̀ bá a lọ ni. Bí akọ̀wé bá fi àkọsílẹ̀ tuntun tẹ ti àtijọ́ mọ́lẹ̀ nínú fáìlì kan náà, trash-put kò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dà mìíràn níbòmíràn kò ní arọ́pò, kódà bó jẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò tó wà ní Abidjan.

Ìṣòro kan kù tí àwọn tó ń yin ètò yìí kì í fẹ́ dá dúró lé lórí. Àkìtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Ìwé NIN oníbàárà, àbájáde ìdánwò JAMB ọmọ ọlọ́mọ, gbogbo rẹ̀ ni yóò máa kó jọ sínú Trash nígbà tí oníbàárà rò pé wọ́n ti pa á rẹ́. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kò fẹ́ kí wọ́n tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ pẹ́ ju bí iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á ti béèrè lọ. Nítorí náà, ìsọ̀ tó bá gbẹ́ ààtàn gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí yóò máa kó o. Àṣẹ trash-empty 30 yóò kó gbogbo ohun tó ti lò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ níbẹ̀ dànù, trash-rm pẹ̀lú orúkọ fáìlì yóò sì yọ ìwé oníbàárà kan ṣoṣo kúrò, yóò fi ìyókù sílẹ̀. Flash ló ń gbàgbé àwọn ènìyàn jù. Fáìlì tí wọ́n bá fi trash-put pa lórí flash, orí flash náà ni ààtàn rẹ̀ máa ń wà, nínú fódà tó fara pamọ́ tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ .Trash-1000, yóò sì bá flash náà dé ilé ẹni tí wọ́n bá yá a. Kí flash tó jáde nínú ìsọ̀, ls -a ni wọn yóò tẹ̀ kí wọ́n lè rí i.