Odindi Ló Ń Ṣáájú Àbọ̀

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi." Òwe yìí wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. A máa ń fi í kìlọ̀ fún ẹni tí a kò fẹ́ dójú tì ní gbangba, a sì máa ń fi í yin ẹni tí etí rẹ̀ ṣí. Bí àlejò bá jókòó pẹ́, tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú, onílé kò ní sọ pé kó máa lọ. Yóò kàn béèrè bóyá ọkọ̀ ṣì wà lójú títì. Bí àlejò náà bá jẹ́ ọmọlúàbí, kí onílé tó pa ẹnu dé, yóò ti máa wá bàtà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún òwe náà gbé yẹ̀ wò, nítorí ó jinlẹ̀ ju ìmọ̀ràn pé ká dín ọ̀rọ̀ kù lọ. Ó ní àbọ̀ ni ẹnu ń sọ. Ó ní odindi wà, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́nu ẹni tó sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni etí kọ́ ló ti ń di odindi, inú ni. A jẹ́ pé ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń sọ ọ́. Àmọ́ òwe náà fi ìbéèrè kan sílẹ̀ fún wa: kí ni ọmọlúàbí fi ń dí ibi tó ṣófo? Níbo ló sì ti rí i?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀dá èdè ti ń lépa láti bí ọgọ́ta ọdún. Ní 1967, Paul Grice, ọ̀mọ̀ràn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà; èyí tó lókìkí jù nínú wọn jáde ní 1975. Ó mú àpẹẹrẹ kan wá níbẹ̀. Wọ́n ní kí olùkọ́ kan jẹ́rìí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ń wá iṣẹ́ ní yunifásítì. Olùkọ́ kọ lẹ́tà pé ọmọ náà gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kì í sì í pa kíláàsì jẹ. Ó fọwọ́ sí i, ó parí. Kò sọ pé ọmọ náà kò mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ni kò gbọ́? Àlàyé Grice ni pé àwọn tó jọ ń sọ̀rọ̀ ti bá ara wọn dá májẹ̀mú tí ẹnikẹ́ni kò kà sókè: kálukú yóò sọ òótọ́, yóò sọ ìwọ̀n tó tó, yóò sọ ohun tó kan ọ̀rọ̀, yóò sì sọ ọ́ kó yéni. Bí ẹnì kan bá yẹ àdéhùn yìí lójú wa kedere, a kì í kọ́kọ́ pè é ní aṣiwèrè. A máa ń wá ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí náà ni àbọ̀ tó kù.

Ẹni tó bá ti lọ ṣe ìwádìí àna rí kò nílò Harvard. Ẹbí ìyàwó rán ènìyàn lọ sí àdúgbò ọmọkùnrin. Wọ́n bi aládùúgbò léèrè pé, "Irú ènìyàn wo ni ọmọ yìí?" Aládùúgbò dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Háà, ó mọ aṣọ wọ̀ o." Ìwádìí ti parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́, kò sì sẹ́ni tí kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n a kì í bí etí yìí mọ́ ènìyàn. Ní 2001, Ira Noveck tó ń ṣèwádìí ní ilẹ̀ Faransé gbé gbólóhùn kan síwájú ọmọdé àti àgbà, pé àwọn àgùnfọn kan ní ọrùn gígùn. A sì mọ̀ pé gbogbo àgùnfọn ló ní ọrùn gígùn. Ẹni tó ní "àwọn kan" kò pa irọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ kò tó. Nínú àwọn ọmọ ọdún 8, bíi 9 nínú 10 ló ní òótọ́ ni gbólóhùn náà. Nínú àwọn àgbà, àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ kò tó ìdajì. Ọmọdé dúró sórí ohun tí ẹnu sọ. Ọ̀pọ̀ àgbà ń gbọ́ ohun tí ẹnu fi sílẹ̀ pẹ̀lú. Abájọ tí àwọn baba wa kò fi ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún "ènìyàn". Ọmọlúàbí ni wọ́n dárúkọ, ẹni tí wọ́n ti kọ́ tó sì gbẹ̀kọ́.

Ẹ bá mi dé Ẹ̀gbẹ́ ní ilẹ̀ Yàgbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, kí ọ̀rọ̀ náà lè hàn kedere. Bí ẹ bá wọ ìlú náà, "Okun" kò ní pẹ́ dé etí yín. Ẹni tó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, okun là ń kí i. Ẹni tó fẹsẹ̀ gbún òkúta, okun. Ẹni tó ti ìrìn àjò dé, okun. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí àwọn ènìyàn jókòó tì láìwí nǹkan kan, okun náà ni. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ohun tó sọ ọ́ di ẹ kú iṣẹ́ níhìn-ín, tó sọ ọ́ di pẹ̀lẹ́ lọ́hùn-ún, tó sọ ọ́ di ẹ kú ará fẹ́ra kù nílé olóòkú, kò sí nínú rẹ̀. Ó wà nínú ẹrù tó wà lórí, nínú ẹsẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, nínú ojú tó pọ́n, àti nínú bí ẹni tó ń kíni ṣe rẹ ohùn sílẹ̀ tó.

Ìkíni yìí náà ló padà di orúkọ. Ní àárín àwọn ọdún 1960, Eva Krapf-Askari, tó ń ṣèwádìí lórí ìgbé ayé àwọn Owé ní Kàbà, dábàá Okun gẹ́gẹ́ bí orúkọ àpapọ̀ fún àwọn ènìyàn agbègbè náà: Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀. Ẹ̀ka èdè wọn kò dọ́gba tán, wọn kò sì sí lábẹ́ ọba kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n ń wí fún ara wọn bí wọ́n bá pàdé lọ́nà ló kó wọn pọ̀, àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn mọ bí a ti ń parí rẹ̀.

Onílù dùndún náà mọ òwe yìí dunjú. Ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni awọ ìlù lè gbé, òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín. Kò ní fáwẹ́lì, kò ní kọ́ńsónáǹtì. Lẹ́nu ìlù, "àgbà", "ẹ̀bà" àti "ìyà" kò yàtọ̀ síra. Ìdí nìyí tí onílù kì í fi í sọ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo. Oríkì àti òwe tí a ti ní nínú tẹ́lẹ̀ ló ń lù, kí etí lè bá a fi ìyókù sí i. Ní 2021, Cecilia Durojaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Max Planck ní Frankfurt, Jámánì, gbé ìlù dùndún fún àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n ní kí wọ́n sọ ìgbà tí ìlù ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó ń kọrin. Àwọn tó ti mọ dùndún tẹ́lẹ̀ ló mọ̀ ọ́n yà jù. Ìlù kan náà ló dún sí gbogbo wọn létí. Ohun tí oníkálukú bá lọ síbẹ̀ ni kò dọ́gba.

Ibi tí òwe wa ti ń forí gbárí nìyẹn. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ̀gbẹ́ sì mọ àlejò dáadáa. Láti 1908 tí Tommy Titcombe, òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere SIM, ti dé ibẹ̀ ni onírúurú ènìyàn ti ń wọ ìlú náà, bí wọ́n ti ń wá wàásù ni wọ́n ń wá kọ́ni, tí wọ́n sì ń wá ṣiṣẹ́ ìṣègùn. Ẹ jẹ́ ká ní dókítà ọ̀dọ́ kan wà ní ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Okun. Wọ́n bí i síbòmíràn, Yorùbá ìgboro ló gbọ́. Ó bi màmá àgbà kan pé, "Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín?" Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ ṣé o, Dókítà. Ọmọ mi tó wà l'Ábújá ò tíì wálé." Dókítà rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni, ó mi orí, ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé aláìsàn ń lo oògùn. Nọ́ọ̀sì ọmọ ìlú tó dúró tì wọ́n ti gbọ́ odindi: oògùn ti tán, owó tí wọn yóò fi ra òmíràn wà lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì wálé, ìtìjú kò sì jẹ́ kí màmá sọ ọ́ síta. Màmá kò purọ́. Dókítà kì í ṣe òmùgọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè ru pa ènìyàn láàárín àwọn méjèèjì. Akin Odebunmi ti Yunifásítì Ìbàdàn ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ dókítà àti aláìsàn ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, nítorí pé bí èdè-àìyédè bá wọ ilé ìwòsàn, ara ló ń san gbèsè rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ ewu yìí, wọ́n sì pa òwe mìíràn tì í: "Àsọ̀rọ̀ àìlàdí ló pa Elempe ìṣáájú, tó ní igbá wúwo ju àwo lọ." Elempe, ọba Tápà nínú ìtàn, lè ní ohun tó ń wò tó fi sọ bẹ́ẹ̀, bóyá igbá tó kún ló ní lọ́kàn, tí àwo sì ṣófo. Kò là á, àwọn tó gbọ́ kò mọ̀, ọ̀rọ̀ di ikú. Bí a bá fi òwe méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé ìkíní kò dá dúró. Kí o tó sọ àbọ̀, kọ́kọ́ wo ẹni tó wà níwájú rẹ.

Ní báyìí, àlejò mìíràn ti dé tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò lójú. Ní oṣù Kejìlá 2013 ni Google Translate bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ èdè Yorùbá. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, tó ń kọ̀wé, tó ń dáhùn ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Láti inú ohun tí a bá kọ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ èdè, Yorùbá àjùmọ̀lò ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, èyí tí ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ ti ń lò láti ìgbà tí odindi Bíbélì Yorùbá ti jáde ní 1884. Ní 2024, Orevaoghene Ahia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n pè ní YORÙLECT. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ àti ohùn jọ ní Yorùbá àjùmọ̀lò, ní Ifẹ̀, ní Ìjẹ̀bú àti ní Ìlàjẹ, wọ́n sì fi dán ẹ̀rọ wò. Ẹ̀rọ tó ń gbìyànjú nínú àjùmọ̀lò ṣubú lulẹ̀ nínú ẹ̀ka èdè. Nígbà tí wọ́n fi díẹ̀ nínú ẹ̀ka èdè náà kọ́ ọ, ó gbérí. Wọn kò tíì kan Okun nínú iṣẹ́ náà. Ibì kan ni ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo rí dì mú nínú ìwádìí yẹn ni pé ẹ̀rọ náà kò ya olódo. Kò sẹ́ni tó sọ odindi fún un ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ Yàgbà tí wọ́n bí sí Àbújá, tó wá ìyá àgbà rẹ̀ wá sí Ẹ̀gbẹ́ nígbà ọdún. Ìyá àgbà sọ àbọ̀, ọmọ ń wò, àwọn àgbà mi orí pé ọmọ ìsinsìnyí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣé òun ló jẹ̀bi? Ìgbà wo la jókòó sọ odindi fún un?

Níbí ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà. Ohun tí ọmọlúàbí fi ń parí àbọ̀ ni odindi tí wọ́n ti sọ fún un rí. Àjọ ni: ẹni tí wọn kò bá dá tirẹ̀ sí i, kò sí ohun tí yóò rí kó. Ilé àtijọ́ mọ èyí. Àgbà ń pàlọ́, ó ń béèrè ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Ọmọ tó bá pa òwe lójú àgbà yóò ní "tótó ó ṣe bí òwe," àgbà yóò sì dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Ojú gbangba ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ti ń sọ àbọ̀, wọ́n sì ń tún un ṣe fún ẹni tó bá ṣì í.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba èdè Yàgbà sílẹ̀, fún ọmọ tàbí fún ẹ̀rọ, kó má ṣe to ọ̀rọ̀ bí orúkọ inú rẹ́jísítà. Kó gba "okun" pẹ̀lú ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó sọ ọ́ fún, ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó kíra àti ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì yẹn fa dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó là á fún un láìdójú ti màmá. Kí àwa àgbà sì yé fi òwe yìí bo ọ̀lẹ wa mọ́lẹ̀. A ti fi í dá ẹni tó gbọ́ lẹ́bi pẹ́ jù. Gbèsè àkọ́kọ́ wà lọ́rùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀: ẹni tí a kò bá sọ odindi fún rí kò ṣẹ̀ bí àbọ̀ bá kú sí i létí.