Ohun tí Bàbá Kọ̀ ni Lọ́ńdọ̀nù Jó sí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ọmọ ń dàgbà kọjá ohun tí ilé rò sí i, tí orúkọ tí ayé ń pè é kì í sì í ṣe èyí tí ilé fẹ́ kí ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Ọládipúpọ̀ Adékọ̀yà Campbell, ọmọ Èkó tí ayé mọ̀ sí Ambrose Campbell, ẹni tí ó di olórí ẹgbẹ́ olórin ní Lọ́ńdọ̀nù ní àsìkò tí ogun Hitler ń kásẹ̀ ńlẹ̀.

Kì í ṣe ohun tuntun kí ọmọ Yorùbá fi ilé sílẹ̀ lọ wá oúnjẹ òòjọ́. Àwọn kan gbé ọjà, wọ́n dorí kọ Gold Coast, wọ́n rìn títí wọ́n fi dé Tamale, ìlú ńlá ìhà àríwá Ghana tí Kpalsi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò rẹ̀ lónìí. Wọ́n tajà ní Tamale, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ wọn ló di ẹrù tí wọ́n rí dì, tí wọ́n sì forí lé ilé. Síbẹ̀, ohun tí oníṣòwò pàdánù ṣeé kà: ìsọ̀ ni, ilé ni, gbèsè tí oníbàárà kò san ni. Ti olórin kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbé orin lọ sí ìdálẹ̀, ta ni yóò bá a ka èrè rẹ̀? Ta ni yóò sì bá a ka àdánù rẹ̀?

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ ọdún 1919 ni wọ́n bí Campbell sí Èkó. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀, inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ sì ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ lo ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Èkó ìgbà náà kì í ṣe ìlú tí orin inú ìjọ nìkan ń dún. Àwọn ọmọ Kru láti ilẹ̀ Liberia, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi, ti gbé ọgbọ́n títa gìtá kiri gbogbo èbúté, láti Freetown dé Accra, láti Accra dé Èkó. Níbi tí ẹmu bá gbé ń hó nínú agbè ni gìtá náà gbé ń ké. Orin yìí wọ ọmọ oníwàásù lára. Ó ń yọ́ lọ sí ibẹ̀, ó ń kọ́ ọ, títí tí àṣírí fi tú sí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi bàbá náà ṣe ẹni burúkú. Ní ayé ìgbà náà, olórin kò yàtọ̀ sí alágbe lójú ọ̀pọ̀ òbí. Ta ni yóò rán ọmọ ní ilé ìwé tán, tí yóò wá fẹ́ kí ó máa jókòó ti agbè ẹmu? Bí oníwàásù bá dákẹ́, kí ni yóò sọ fún ìjọ rẹ̀? Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ wá ni pé ọmọ fi ilé bàbá sílẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ṣùgbọ́n kò fi orin sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n jọ ń ṣe é, Abíọ́dún Òkè, tí wọ́n ń pè ní Brewster Hughes. Gìtá ni tirẹ̀.

Ogun ni ó gbé Campbell dé ìlú òyìnbó. Ó gba iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń kó ẹrù lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lásìkò tí àwọn ará Jámánì ń fi ohun ìjà ri ọkọ̀ sínú òkun lójoojúmọ́. Nígbà tí òun àti ọ̀gá kan nínú ọkọ̀ ní gbólóhùn asọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, kò sì padà sínú ọkọ̀ mọ́. Ó wá ọ̀nà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni òun àti Hughes tún ti pàdé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin níbi àríyá àwọn ọmọ adúláwọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1945 ni ogun parí ní ilẹ̀ Yúróòpù. Gbogbo Lọ́ńdọ̀nù tú síta. Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé gìtá àti ìlù wọn, wọ́n forí lé Piccadilly. Wọ́n ń lu, wọ́n ń kọ, wọ́n ń jó, èrò sì ń wọ́ tẹ̀ lé wọn. Ẹ wo bí ayé ti ń yí! Àwọn òyìnbó tí kò mọ Ìdúmọ̀tà, tí kò mọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ń fi ẹsẹ̀ rìn ín sí orin tí wọ́n ti ń mu ẹmu sí ní Èkó. Orin tí bàbá kò fẹ́ gbọ́ nínú ilé ni olú-ìlú ọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe àjọyọ̀ ìṣẹ́gun.

Láti inú irú eré bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ West African Rhythm Brothers ti jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà mọ́ àwọn ẹgbẹ́ olórin ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ ńlá fi wọlé. Ọmọ Jàmáíkà kan, Berto Pasuka, dá ẹgbẹ́ oníjó àwọn adúláwọ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Les Ballets Nègres. Ní oṣù kẹrin ọdún 1946 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣeré wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ Campbell ni ó sì ń lùlù, tí ó ń kọrin sí i. Wọ́n gbé eré náà kiri. Kì í ṣe òpópónà ni òyìnbó ti ń wò wọ́n mọ́. Orí ìtàgé ni, owó ni òyìnbó sì ń san kí ó tó wọlé.

Ṣùgbọ́n ibi tí orúkọ Campbell ti rinlẹ̀ jù ni àdúgbò Soho. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ọmọ Èkó kan, Ọlá Dòsùnmú, ṣí kílọ́ọ̀bù kan tí ó ń jẹ́ Abalabi sí òpópónà Berwick. Ẹgbẹ́ Campbell ni ó ń ṣeré níbẹ̀. Kí òǹkàwé tó mọ ohun tí irú ibẹ̀ jẹ́, kí ó rántí pé àsìkò tí onílé ń lẹ ìwé mọ́ ojú fèrèsé nìyẹn pé òun kò gba adúláwọ̀ sínú yàrá òun. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìbàdàn tí òtútù ti mú, atukọ̀ láti Accra tí kò ní ará, àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti bú láti àárọ̀, gbogbo wọn ni wọ́n lè wọlé síbẹ̀ ní alẹ́, kí wọ́n gbọ́ orin ní èdè Yorùbá, kí ara wọn sì tù. Òyìnbó pẹ̀lú ń wá. Àwọn tí ń fọn fèrè jáàsì ń wá fetí kọ́ bí a ti ń da ìlù pọ̀.

Orin náà kò sì dúró lójú kan. Àwọn ọmọ Barbados wọ inú ẹgbẹ́, wọ́n gbé fèrè wọn dání. Jùjú Èkó, háíláìfù Accra, kalípísò Trinidad àti jáàsì, Campbell pò gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹní ro àmàlà tí kò ní kókó. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yí padà: gìtá ń sọ̀rọ̀, ìlù ń dáhùn, ọ̀rọ̀ Yorùbá, òwe àti àdúrà sì wà lókè rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Melodisc, tí Emil Shalit dá sílẹ̀ ní ọdún 1949, gba orin wọn sí àwo, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kó àwo náà wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Báyìí ni orin tí ó ti Èkó lọ tún padà wọ Èkó, ó ti gbó sí i, ó ti gbọ́n sí i.

Ìwé pàápàá kò gbàgbé rẹ̀. Òǹkọ̀wé Colin MacInnes, tí ó fẹ́ràn Soho púpọ̀, fi í ṣe àwòkọ́ṣe fún olórin kan nínú ìtàn àròsọ rẹ̀, City of Spades, tí ó jáde ní ọdún 1957. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Fẹlá dé Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ nípa orin, ó bá Campbell nídìí iṣẹ́. Wọ́n ní Fẹlá ni ó pè é ní bàbá orin ìgbàlódé Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá mọ Fẹlá mọ̀ pé kì í yin ènìyàn lásán.

Nígbà tí ó di ọdún 1972, Campbell tún dìde, ó kọjá sí Amẹ́ríkà. Ó ń bá gbajúmọ̀ olórin Leon Russell lùlù, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Nashville, ìlú tí àwọn olórin Amẹ́ríkà pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó lò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí Plymouth, ìlú tí ó wà létí òkun. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà ọdún 2006, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ní ọdún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ Honest Jon's ní Lọ́ńdọ̀nù kó àwọn orin rẹ̀ àtijọ́ jọ, wọ́n tún wọn gbé jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan Yorùbá nìyí. Òyìnbó ni ó wá àwo orin náà kiri, òyìnbó ni ó nu eruku orí rẹ̀. I. K. Dáíró, tí ó dúró sílé, gba oyè M.B.E. ní ọdún 1963, tọmọdé tàgbà ni ó sì mọ orúkọ rẹ̀. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀dọ́ mẹ́wàá ní Ìdúmọ̀tà lónìí léèrè pé ta ni Ambrose Campbell, mélòó ni yóò dáhùn? Bẹ́ẹ̀, ọmọ Èkó ni, èdè Yorùbá ni ó sì kọ lójú ọjà ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí Nàìjíríà kò tí ì gba òmìnira.

Ohun tí ó lè ṣe é kò le. Nínú ọ̀pọ̀ ilé bàbá àgbà, àpótí kan wà tí àwo orin àtijọ́ kún inú rẹ̀. Àwọn ọmọ ń gbé e jù sí ààtàn, nítorí ẹ̀rọ tí ó ń kọ ọ́ ti bàjẹ́. Kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tàbí ilé iṣẹ́ rédíò tí ó ń tọ́jú irú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti Tamale padà ní ọdún 1969 rí ilé padà sí. Ìdálẹ̀ ni Campbell kú sí. Orin rẹ̀ nìkan ni ó kù tí ilé lè gbà wọlé. Bàbá tilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí kò mọ ohun tí yóò dà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ̀ ọ́n. Kí ni àwáwí wọn?