Ẹni Tó Ti Wo Fíìmù Ni Kẹ́ Ẹ Fún Ní Máìkì

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ pé ètò rédíò kan l'Ákùúrẹ́ máa mú ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa ṣe atọ́kùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ariwo ò tíì dákẹ́ ní SS2. Wọ́n ní ká kọ orúkọ aṣefíìmù tá a fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Èmi kọ Túndé Kèlání. Ìyẹn ò dájà sílẹ̀. Ta ló máa lọ ló dájà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ní kó jẹ́ ẹni tí òyìnbó rẹ̀ dán jù, tó ń fi imú sọ ọ́.

Èmi ò gbà o. Bàbá tá à ń sọ yìí kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, wọ́n ṣiṣẹ́ kámẹ́rà ní tẹlifíṣọ̀n n'Íbàdàn, wọ́n lọ kọ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, Yorùbá ni wọ́n sì padà wá fi ṣe Ó Le Kú ní 1997 àti Ṣaworoidẹ ní 1999. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn méjèèjì. Ṣé òyìnbó imú la fẹ́ fi pàdé wọn?

Ẹ̀yin náà ẹ máa ń gbọ́ rédíò. Atọ́kùn á bi àlejò pé mọ́tò mélòó ló ní, ṣé ó ti níyàwó, kí ló fẹ́ sọ fáwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Orin á wọlé, ó parí! Iṣẹ́ tó ṣe, kò sẹ́ni tó bi í.

Nínú Ṣaworoidẹ, Lápitẹ́ fẹ́ adé Jogbo ṣùgbọ́n kò fẹ́ orò tó rọ̀ mọ́ ọn. Òun àtàwọn onígẹdú wá jọ ń jẹ igbó ìlú. Ọmọ Ìdànrè wo ni kò tíì rí lọ́rì gẹdú rí? Ìbéèrè tèmi rèé: "Bàbá, ṣé ọba nìkan lẹ̀ ń bá wí, àbí ẹ̀ ń bá àwa ará ìlú náà wí? Kí ló dé tó jẹ́ ìlù ló sọ òótọ́?" Màá tún bi wọ́n pé tí wọ́n bá gbé kámẹ́rà dé ààfin àtijọ́ lórí Òkè Ìdànrè, kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà.

Tíṣà kan ní òyìnbó ló máa jẹ́ káyé gbọ́ wa. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n Kúnlé Afọláyan, tó ṣeré nínú Ṣaworoidẹ, ṣe Aníkúlápó ní Yorùbá ní 2022, Netflix sì gbé e káàkiri ayé. Àti pé ta ló máa tẹ́tí sí wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn? Ìyá tó ń kó kòkó tó sá wọlé ni, àti ọlọ́kadà tó gbé rédíò kọ́rùn.

Àbá mi ni pé kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lọ kọ ìbéèrè mẹ́ta láìkọ orúkọ sí i, kí tíṣà Yorùbá wa kà á. Ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ bá dáa jù ni kó lọ, kódà kó jẹ́ ọmọ SS1. Ṣaworoidẹ wà lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó tó kọ tiẹ̀, kó wá bá mi lẹ́yìn iléèwé lọ́jọ́ Fráìdè.