Èsì sí àròkọ lórí dùndún Ẹdẹ

Sí Olóòtú,

Àròkọ tí ó jáde lórí dùndún Ẹdẹ yin ẹni tí ń fi ìyáàlù, olórí ìlù dùndún, sọ̀rọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tí ó jẹ́ ọba Ẹdẹ láti 1946 títí di 1975, mọ ìlù yìí lù fúnra rẹ̀, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a ka àwọn ìlù tí ó kù sí àtẹ̀lé lásán. Gúdúgúdú, ìyẹn ìlù kékeré olójú kan tí a lẹ ìda mọ́ awọ rẹ̀, tí a sì ń fi bílálà méjì lù, ni kì í sinmi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ọwọ́ ẹni tí ń lù ú bá yẹ̀, ìyáàlù kò ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ tì. Síbẹ̀, iwájú orí onílù ìyáàlù ni owó ń lẹ̀ mọ́ lóde àríyá.

Ti agbẹ́lù, ẹni tí ń ṣe ìlù, tilẹ̀ burú jù: òun ni ó gbẹ́ igi ọmọ̀, tí ó fá irun awọ ewúrẹ́, tí ó fi ọṣán fà á títí ohùn fi jáde, kò sì sí ẹni tí ń bèèrè rẹ̀ lágbo. Àìmoore gbáà ni, ó sì ń dun agbẹ́lù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa dárúkọ onígúdúgúdú àti agbẹ́lù.

Òǹkàwé kan, Ẹdẹ