Ta Ni Ọmọ Àlè Nínú Ọ̀ràn Oyè Ọba?

Bí ìtẹ́ ọba bá ṣófo, kì í pẹ́ tí a ó fi gbọ́ pé ọmọ àlè ni ọmọ oyè kan, nítorí a kò gbé ìyá rẹ̀ níyàwó. Àṣà Yorùbá kò wí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí baba bá jẹ́wọ́, ọmọ ilé ni. Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi èyí múlẹ̀ nínú ẹjọ́ ogún lọ́dún 1955. Ibi tí baba ti kú láìjẹ́wọ́ ni ìjà wà; ẹ̀rí àgbà ẹbí ni à ń wò níbẹ̀, kì í ṣe àwòrán ìgbéyàwó. Ní Ìwó, ìtàn tilẹ̀ wí pé ọmọ Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni Adékọ́lá Tẹ̀lú tí ìran Olúwòó ti ṣẹ̀. Ìyá ni à ń kọ́kọ́ dárúkọ nínú ìtàn yẹn.