Ìpìlẹ̀ nìkan kò tó fún ilé àgbérìn

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Àpilẹ̀kọ yín ní kí àwọn ará wa ní Texas ra ilé àgbérìn àlòkù, kí wọ́n wọ́ ọ lọ sórí ilẹ̀ tiwọn, kí wọ́n da kọnkéré sábẹ́ rẹ̀, ó parí. Kò parí o! Ìmọ̀ràn yẹn lè ti èèyàn sínú gbèsè.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀yìn ilé náà wò. Àwo irin pupa kékeré kan ló yẹ kó wà lára abala kọ̀ọ̀kan, tó ń jẹ́rìí pé ó bá ìlànà HUD (ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé) mu, ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, 1976. Bẹ́ ẹ bá rí ojú ìṣó lásán níbi tí àwo ti ṣí kúrò, ẹ má tíì sanwó.

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ báǹkì. Ẹ̀yáwó ilé ọlọ́dún 30 tí FHA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe onídùúró ẹ̀yáwó ilé) ń dúró fún kò sí fún ilé tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ níbòmíràn rí, bó ti wù kí ìpìlẹ̀ tuntun rẹ̀ lágbára tó. Kí ló dé tí òǹkọ̀wé yín kò sọ èyí?

Ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà lórí ìpìlẹ̀ náà ńkọ́? Ìwé ìní ilé náà sì tún wà níbẹ̀: àfi kí ẹ yí i padà lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, kí ilé náà tó di ohun ìní kan náà pẹ̀lú ilẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ àtúnṣe yìí jáde kí ẹnì kan tó san àsansílẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Houston