Ìdajì Òkúta Yòókù Dà?

Àbúrò mi kan gbé fóònù rẹ̀ sí mi lójú lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń wá wúrà ló kéde pé àwọn lu ihò sínú ilẹ̀, àwọn sì kan wúrà: mítà 20, gíráàmù 5 nínú tọ́ọ̀nù òkúta kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká tètè ra ṣíà wọn kó tó gbówó lórí." Mo ní kó jókòó ná.

Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì wa kùsà kankan rí. Wúrà kọ́ ló ń tà, ìrètí ló ń tà. Owó ṣíà ni wọ́n fi ń gba ẹ̀rọ tó ń lu ihò, ìròyìn ihò ló sì ń mú kí ṣíà tà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wá kùsà káàkiri ayé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tó se ọbẹ̀ náà ló ń bù ú fún wa tọ́ wò, ibi tí epo léfòó sí ló sì máa ń ti bù ú.

Ẹ wo mítà 20 yẹn. Bí mítà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ bá ní gíráàmù 96, tí mítà 19 yòókù ò ju gíráàmù 0.2 lọ, bí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, yóò ṣì máa lọ sí 5. Wọn ò purọ́ o, àmọ́ òótọ́ náà wọ agbádá.

Lẹ́yìn náà, báwo ni ihò ṣe gba inú òkúta kọjá? Ẹni tó gé iṣu níbùú á mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹni tó là á lóròó á máa fi gígùn rẹ̀ yangàn, bẹ́ẹ̀ iṣu kan náà ni. Ihò mélòó ló tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Igi kan kì í dágbó ṣe. Èyí tí kò kan nǹkan kan ńkọ́, ṣé wọ́n kéde òun náà?

Ìbéèrè tó kù ló ká mi lára jù, Busang ló sì kọ́ wa. Ní 1993, Bre-X, ilé-iṣẹ́ kékeré láti Calgary ní Kánádà, gba ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Busang nínú igbó Borneo, ní Indonéṣíà. Ihò lórí ihò, wúrà ń pọ̀ sí i lórí ìwé, títí ọ̀rọ̀ fi di áúnsì mílíọ̀nù 70. Iye ilé-iṣẹ́ náà lọ́jà ṣíà ju bílíọ̀nù 6 dọ́là Kánádà lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ awakùsà Freeport-McMoRan fẹ́ bá wọn da òwò pọ̀, wọ́n lu ihò tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bre-X. Wúrà tí wọ́n bá kò tó nǹkan. Ní oṣù Karùn-ún 1997, Strathcona, ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan, fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ńṣe ni wọ́n ń bu wúrà sínú òkúta lílọ̀ kó tó dé ilé àyẹ̀wò.

Kí ló dé tí àṣírí kò tú fún ohun tó ju ọdún mẹ́ta lọ? Bí ẹ̀rọ bá fa òkúta gbọọrọ jáde, àṣà iṣẹ́ náà ni kí wọ́n là á sí méjì: ìdajì á lọ sílé àyẹ̀wò, ìdajì á wà nínú àpótí, kí ẹlòmíràn lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Busang, èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n lọ̀ tán. Wúrà inú rẹ̀ sì rí róbótó. Ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń jọ̀ wúrà létí odò lágbègbè Iléṣà á mọ irú rẹ̀: omi ló máa ń gbo wúrà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe inú òkúta.

Mi ò ní ká sá fún ihò. Ihò náà ló bí kùsà wúrà Sẹ̀gílọlá nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí ilé-iṣẹ́ Thor Explorations ti yọ́ wúrà àkọ́kọ́ ní oṣù Keje 2021, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún lílu ilẹ̀. Kánádà náà sì ti kọ́gbọ́n: láti 2001, onímọ̀ tó kúnjú òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Mo wá bi àbúrò mi pé ta ló fọwọ́ sí ti inú fóònù rẹ̀, ibo sì ni ìdajì òkúta yòókù wà. Ó ní òun ò mọ̀. Mo ní kó di owó rẹ̀ mú títí yóò fi mọ̀.